Bí a ṣe ń yan férémù kẹ̀kẹ́ òkè fún ọ̀nà igbó tó le: ẹ wọ̀n ọ́n kí ẹ tó sanwó

Ohun tó sábà máa ń ṣẹlẹ̀ nìyí. Ẹnìkan rí férémù tó rẹwà lórí íntánẹ́ẹ̀tì, owó rẹ̀ kò ga, ó rà á. Nígbà tó dé, wíìlì ẹ̀yìn tó ti ní nílé kò wọ inú rẹ̀, ọ̀pá síìtì rẹ̀ tóbi ju ihò lọ, fọ́ọ̀kì kò bá ọrùn rẹ̀ mu. Ó tún náwó kó tó tò ó tán. Ó wá gbé e dé inú igbó, ó rí i pé gbogbo ìgbà tí ilẹ̀ bá dà gẹ̀rẹ́, ṣe ni kẹ̀kẹ́ ń fẹ́ dà òun síwájú. Kò sí ohun tó ṣe férémù náà. Kì í ṣe tirẹ̀ ni.

Ẹni tó fẹ́ ra férémù lásán, tuntun tàbí àlòkù, tó sì fẹ́ fúnra rẹ̀ to kẹ̀kẹ́ ni mo ń bá sọ̀rọ̀: kẹ̀kẹ́ tí yóò sáré lórí gbòǹgbò àti òkúta, tí yóò sọ̀ kalẹ̀ níbi tó dà gẹ̀rẹ́, tí yóò sì máa fò díẹ̀díẹ̀. Irú ọ̀nà tí wọ́n fi àwọ̀ pupa (tó le) àti dúdú (tó le ju pupa lọ) sàmì sí ní Glentress ní Scotland tàbí ní BikePark Wales lẹ́bàá Merthyr Tydfil ni mo ní lọ́kàn. Ẹni tó ń wá kẹ̀kẹ́ ìdíje downhill, ìyẹn ti ìsọ̀kalẹ̀ nìkan, tàbí èyí tí yóò máa gùn lọ síbi iṣẹ́, ìwọ̀n tirẹ̀ yàtọ̀.

Ohun tí ẹ máa nílò

- Téèpù tó ní mìlímítà, àti kálípà. Oníke olówó pọ́ọ́kú náà tó.
- Fóònù tó lè wọn dígírì.
- Tọ́ọ̀ṣì, àkísà mímọ́, òwú díẹ̀, okùn tẹ́ẹ́rẹ́ kan.
- Bírò àti ìwé.
- Tábìlì ìwọ̀n férémù náà láti ọwọ́ ilé iṣẹ́ tó ṣe é, ti ọdún tí wọ́n ṣe é gan-an.

Ìlà tó gbẹ̀yìn yẹn ni ọ̀pọ̀ ń fojú fò. Orúkọ kan náà lè wà lára kẹ̀kẹ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún, kí kẹ̀kẹ́ náà sì ti di nǹkan míì pátápátá. Láti 1981 ni ilé iṣẹ́ Specialized ti ń ta kẹ̀kẹ́ Stumpjumper. Tábìlì Stumpjumper EVO ti 2021 kò lè sọ ohunkóhun fún yín nípa èyí tí wọ́n ṣe ní ọdún mẹ́wàá ṣáájú rẹ̀. Bí olùtà kò bá mọ ọdún férémù, ẹ ní kó ya àwòrán nọ́ńbà tó wà lábẹ́ ihò pẹ́dáàlì, ìyẹn ihò férémù tí irin pẹ́dáàlì ń gbà kọjá.

Ìpele 1: Ẹ kọ irú ìgùn yín sílẹ̀

Ẹ pinnu ìrìn ṣọ́ọ̀kì, ìyẹn iye mìlímítà tí wíìlì ẹ̀yìn lè gùn sókè kó tó kan òpin. Fún ọ̀nà igbó tó le, ẹ kà á báyìí: 120 sí 135 yára, ó rọrùn láti fi gun òkè, ṣùgbọ́n ó ń fẹ́ ẹni tó mọ ọ̀nà yàn láàárín òkúta, 140 sí 150 ni àárín tó bá ọ̀pọ̀ èèyàn mu, 160 sókè jẹ́ ti ẹni tó ń wá ìsọ̀kalẹ̀, tó kàn ń fara da gígun òkè. Santa Cruz Hightower ẹlẹ́ẹ̀kẹta, fún àpẹẹrẹ, ní 145 lẹ́yìn, fọ́ọ̀kì rẹ̀ sì jẹ́ 150. Férémù tí kò ní ṣọ́ọ̀kì lẹ́yìn rárá náà lè ṣe iṣẹ́ yìí bí wọ́n bá yà á fún un. Ó dín ìnáwó kù, bíárínì tí ẹ máa pààrọ̀ kò sì pọ̀.

Lẹ́yìn náà ẹ wo nọ́ńbà ẹ̀ka tí ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ ń lẹ̀ mọ́ férémù tàbí tí wọ́n ń tẹ̀ sínú ìwé rẹ̀. Nínú ASTM F2043, ìlànà tó ń pín kẹ̀kẹ́ sí ẹ̀ka gẹ́gẹ́ bí ìlò wọn, ẹ̀ka 3 wà fún ọ̀nà igbó tí fífò rẹ̀ kò ju 61 sẹ̀ǹtímítà lọ. Ẹ̀ka 4 gba èyí tí kò ju 122 lọ. Ohun tí ẹ ń wá jẹ́ ẹ̀ka 4, ó kéré tán.

Ìkìlọ̀: ẹ má ra ìrìn gígùn nítorí ìbẹ̀rù. Kẹ̀kẹ́ 170 lórí ọ̀nà pẹrẹsẹ máa ń gbé agbára ẹsẹ̀ yín mì ni. Ẹ ó fi ẹsẹ̀ wa, ó ń rì.

Àyẹ̀wò: ẹ lè sọ ọ́ ní gbólóhùn kan: “Mò ń wá férémù 140 sí 150, ẹ̀ka 4, wíìlì 29 íńṣì.” Bí ẹ kò bá tíì lè sọ bẹ́ẹ̀, ẹ má tíì wo ọjà.

Ìpele 2: Ẹ wọn kẹ̀kẹ́ tí ẹ ń gùn báyìí

Ẹ gbàgbé S, M, L. M ti ilé iṣẹ́ kan lè gùn ju L ti òmíràn lọ. Nọ́ńbà tó ṣe pàtàkì ni èyí tí tábìlì ń pè ní reach: láti àárín ihò pẹ́dáàlì, ẹ fojú inú fa ìlà kan lọ sókè gbọọrọgbọ, bí ìlà yẹn ṣe jìnnà sí àárín orí ọ̀pá ọrùn kẹ̀kẹ́, ní ìbú, ni reach. Òun ló ń sọ àyè tí ẹ ní nígbà tí ẹ bá dìde dúró lórí pẹ́dáàlì. Nínú igbó tó le, ìdúró sì ni ẹ ó máa wà ju ìjókòó lọ. Èkejì rẹ̀ ni stack, bí orí ọ̀pá ọrùn ṣe ga sókè sí ihò pẹ́dáàlì.

Ẹ lè wọ̀n ọ́n nílé. Ẹ gbé kẹ̀kẹ́ sórí ilẹ̀ tó tẹ́, kí táyà ẹ̀yìn fara kan ògiri. Ẹ wọn ìbú láti ògiri dé àárín ihò pẹ́dáàlì, ẹ kọ ọ́. Ẹ wọn ìbú láti ògiri dé àárín orí ọ̀pá ọrùn. Níbí, ẹ so nǹkan wúwo mọ́ okùn, kí ẹ jẹ́ kó sọ̀ kalẹ̀ láti orí ọ̀pá náà, kí ẹ má baà wọn ìdagun. Ẹ yọ àkọ́kọ́ kúrò nínú èkejì. Reach yín nìyẹn.

Wàyí o, ẹ bi ara yín léèrè bí kẹ̀kẹ́ yẹn ṣe rí lára yín nígbà tí ẹ bá ń sọ̀ kalẹ̀. Bí orúnkún ń fẹ́ kan ọwọ́ kẹ̀kẹ́, tàbí tí ẹ máa ń sá sẹ́yìn síìtì ṣáá, ó kúrú. Bí ẹ kò bá lè fi ara yín wúwo lórí táyà iwájú, tó sì ń yọ̀ níbi kọ̀rọ̀, ó gùn. Níbẹ̀ ni ẹ ti máa mọ̀ bóyá kí ẹ lọ sókè tàbí sísàlẹ̀. Ìbẹ̀rẹ̀ ìṣirò lásán ni èyí: ẹni tó ga tó 165 sẹ̀ǹtímítà máa ń rí ara rẹ̀ láàárín 425 sí 445, ẹni 175, 450 sí 475, ẹni 185, 480 sí 500. Ọwọ́ gígùn àti ẹsẹ̀ gígùn máa ń yí i padà.

Ìkìlọ̀: ẹ má fi reach férémù tí kò ní ṣọ́ọ̀kì lẹ́yìn wé ti èyí tó ní. Tí ẹ bá gun èyí tí kò ní, iwájú nìkan ló ń rì, reach sì ń gùn sí i díẹ̀. Nọ́ńbà kan náà lórí ìwé kì í ṣe ìwọ̀n kan náà lábẹ́ ara yín.

Àyẹ̀wò: ẹ ní reach kékeré jù àti reach títóbi jù tí ẹ lè gbà lórí ìwé, àlàfo wọn kò sì ju nǹkan bí 20 mìlímítà lọ.

Ìpele 3: Ẹ ka ìgun rẹ̀

Head angle ni bí ọ̀pá ọrùn ṣe dagun sí ilẹ̀. Bí nọ́ńbà bá ṣe kéré sí ni wíìlì iwájú ṣe ń jìnnà síwájú yín, tí kẹ̀kẹ́ kì í fi í fẹ́ ṣẹ́ po nígbà tí ẹ bá tẹ bíréèkì ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́. Fún ìgùn tí à ń sọ yìí, 64 sí 65.5 dígírì ni kí ẹ wá. Férémù àtijọ́ tó wà ní 68 tàbí 69 ló pọ̀ jù nínú àlòkù olówó pọ́ọ́kú, òun náà ló ń da èèyàn síwájú. Ẹni tó bá lọ sí 63 máa san án padà nígbà gígun òkè: iwájú á máa rìn ségesège bí ẹ bá ń lọ díẹ̀díẹ̀.

Seat angle, ìyẹn bí ọ̀pá ìdúró (ọ̀pá férémù tí ọ̀pá síìtì ń wọ̀) ṣe dagun sí ilẹ̀, ló ń tún ìyẹn ṣe. Ẹ wá 76 dígírì sókè, kí ìbàdí yín lè wà lókè pẹ́dáàlì nígbà tí ẹ bá ń gòkè. Ẹ ṣọ́ra síbí, pàápàá ẹ̀yin ẹlẹ́sẹ̀ gígùn. Nọ́ńbà inú tábìlì jẹ́ ti ibi gíga kan tí ilé iṣẹ́ yàn. Ọ̀pá ìdúró gan-an sábà máa ń dagun sẹ́yìn ju bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí náà bí ẹ bá ṣe fa síìtì sókè tó ni ẹ ṣe ń lọ sẹ́yìn tó.

Chainstay, láti àárín ihò pẹ́dáàlì dé àárín wíìlì ẹ̀yìn, láàárín 430 àti 445 dára. Gíga ihò pẹ́dáàlì láti ilẹ̀, nǹkan bí 335 sí 350. Èyí tó wálẹ̀ ń yí kọ̀rọ̀ dáadáa, ṣùgbọ́n pẹ́dáàlì á máa gbá òkúta. Apá pẹ́dáàlì 165 dípò 175 ń dín ìyẹn kù. Mi ò ní jẹ́ kí nọ́ńbà méjèèjì yìí lé mi kúrò nídìí férémù tó bá reach mi mu.

Ìkìlọ̀: gbogbo ìgun inú tábìlì dúró lé gígùn fọ́ọ̀kì kan pàtó. Bí ẹ bá fi fọ́ọ̀kì tó gùn ju ìyẹn lọ ní 20 mìlímítà, head angle á wálẹ̀ ní nǹkan bíi dígírì kan, ihò pẹ́dáàlì á ga sí i, reach á kúrú. Àwọn kan ń fi èyí gba férémù àtijọ́ là. Ó ní ààlà: ilé iṣẹ́ máa ń sọ fọ́ọ̀kì tó gùn jù tí férémù lè gbà, ọ̀pá ọrùn ni yóò sì jìyà bí ẹ bá kọjá ibẹ̀.

Àyẹ̀wò: bí ẹ bá lè dé ibi tí kẹ̀kẹ́ tí wọ́n ti tò wà, ẹ fi fóònù lélẹ̀ kí ẹ rí i pé ilẹ̀ jẹ́ òdo dígírì, kí ẹ wá gbé e lé ẹsẹ̀ fọ́ọ̀kì. Ohun tó kà yẹ kó sún mọ́ tábìlì. Bó bá fi odindi dígírì kan yàtọ̀, ẹ béèrè fọ́ọ̀kì tó wà lára rẹ̀.

Ìpele 4: Ṣé dropper yín máa wọlé tán?

Dropper ni ọ̀pá síìtì tó ń wálẹ̀ bí ẹ bá tẹ bọ́tìnì, kò sì sí bí ẹ ṣe lè gun irú ọ̀nà yìí dáadáa láìní in. Ìṣirò rẹ̀ rọrùn. Ká ní láti àárín ihò pẹ́dáàlì dé orí síìtì yín jẹ́ 730 mìlímítà, ọ̀pá ìdúró férémù sì jẹ́ 430. Ó ku 300. Síìtì fúnra rẹ̀ gba nǹkan bí 45, ó ku 255. Dropper tó ń rin 180 nílò 180 yẹn pẹ̀lú orí àti ọrùn rẹ̀, nǹkan bí 40: 220. Ó wọ̀, ó sì ku 35.

Ìdajì ìṣirò nìyẹn. Bí gbogbo gígùn dropper náà bá jẹ́ 480, tí 255 bá wà níta, 225 gbọ́dọ̀ wọ inú ọ̀pá. Férémù oníṣọ́ọ̀kì sì sábà máa ń tẹ̀ láàárín, tàbí kí bóòtù kan gba inú ọ̀pá náà kọjá.

Àyẹ̀wò: ẹ ti igi tààrà kan bọ inú ọ̀pá ìdúró títí tó fi kan nǹkan, ẹ sàmì sí i, ẹ wọ̀n ọ́n. Bí olùtà bá jìnnà, ẹ ní kó ṣe é kó sì ya àwòrán.

Ìpele 5: Ibi tí férémù àti ẹ̀yà ara kẹ̀kẹ́ ti ń pàdé

Ibí ni owó ti ń ṣòfò jù. Ẹ gbé kálípà, ẹ yẹ ọ̀kọ̀ọ̀kan wò.

*Wíìlì ẹ̀yìn.* Ẹ wọn inú, láti ẹ̀gbẹ́ kan sí èkejì níbi tí wíìlì ń jókòó. 148 ni Boost, òun ló wọ́pọ̀ jù lára férémù òde òní. 142 ló ṣáájú rẹ̀. 135 ti àtijọ́. 157 wà lára àwọn díẹ̀. Wíìlì 142 lè wọ férémù 148 bí ẹ bá ra wáṣà tí wọ́n ṣe fún un. Wíìlì 148 kò ní wọ férémù 142 láéláé, ẹ má fi ipá yà á. Ẹ rí i dájú pé olùtà fi axle rẹ̀, irin tó gba àárín wíìlì kọjá, kún un: tírẹ́ẹ̀dì wọn kì í ṣe ọ̀kan náà láti férémù dé férémù, wíwá èyí tó bá a mu lẹ́yìn náà sì lè gba ọ̀sẹ̀ púpọ̀.

*Ọ̀pá ọrùn.* Ẹ wọn inú rẹ̀ lókè àti nísàlẹ̀. 44 lókè àti 56 nísàlẹ̀ gba fọ́ọ̀kì òde òní tí ìdí rẹ̀ tóbi ju orí lọ. 44 lókè-nísàlẹ̀ ṣì gbà á, bí ẹ bá lo ife bíárínì tó yọ síta nísàlẹ̀. 34 kò gbà á rárá. Ẹ fi férémù yẹn sílẹ̀.

*Ọ̀pá síìtì.* 30.9, 31.6 tàbí 34.9. Èyí tó kéré lè wọ èyí tó tóbi bí ẹ bá fi awẹ́ irin tẹ́ẹ́rẹ́ sí i láàárín. Ìkìlọ̀: ojú lásán kò lè mọ ìyàtọ̀ 30.9 sí 31.6, àwọn kan sì máa ń fi òòlù gbá a wọlé. Ọ̀pá ìdúró á là.

*Ihò pẹ́dáàlì.* Èyí tó ní tírẹ́ẹ̀dì, tí ìbú rẹ̀ jẹ́ 73, ni mo fẹ́ràn jù. Sípánà kan ló ń tú u, kì í sì í sábà dún. Ẹ rántí pé ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún, ẹ̀gbẹ́ ṣéènì, ń fún ní òdìkejì. Èyí tí wọ́n ń tẹ̀ wọlé láìní tírẹ́ẹ̀dì kò burú, ṣùgbọ́n ó ń fẹ́ irinṣẹ́ tirẹ̀. Ẹ mọ irin pẹ́dáàlì tí ẹ ní: 24 mìlímítà ni ti ilé iṣẹ́ Shimano, 28.99 ni irú tí ilé iṣẹ́ SRAM ń pè ní DUB.

*Ṣọ́ọ̀kì.* Bí férémù bá wá láìní i, ẹ kọ nọ́ńbà méjèèjì sílẹ̀, gígùn àti ìrìn ṣọ́ọ̀kì fúnra rẹ̀ (kì í ṣe ti wíìlì), irú bíi 210 × 55 tàbí 230 × 65. Ẹ má ra èyí tó súnmọ́ ọn. Ìrìn tó lé díẹ̀ lè mú kí táyà ẹ̀yìn gbá ọ̀pá ìdúró bí ẹ bá balẹ̀ láti ibi fífò.

*Bíréèkì àti ibi tí gíà ń kọ́.* Ádápítọ̀ lè mú kí bíréèkì gba díìsì tó tóbi sí i, kò lè mú un gba èyí tó kéré ju ti férémù lọ. Ní ti gíà, ẹ béèrè bóyá ó ní UDH, ìkọ́ gíà kan tó wà fún férémù onírúurú ilé iṣẹ́, tí SRAM gbé jáde ní 2019. Gíà Transmission tí SRAM gbé jáde ní 2023 kò ní wọ férémù tí wọn kò ṣe fún UDH. Bí ẹ kò bá tiẹ̀ ní lọ́kàn láti ra ìyẹn, ìkọ́ tó wà ní ìsọ̀ púpọ̀ sàn ju èyí tí ilé iṣẹ́ kan ṣoṣo ń tà. Tó bá jẹ́ pé ẹ fẹ́ fi férémù náà ránṣẹ́ sílé, sí Èkó tàbí Ìbàdàn, ẹ fi ìkọ́ kejì àti gbogbo bíárínì tó ń lò, tuntun, kún ẹrù rẹ̀ látìbí. Ẹ ò ní kábàámọ̀.

Àyẹ̀wò: nínú ìwé yín, ẹ kọ ẹ̀yà tí ẹ ní sí apá kan, ohun tí férémù fẹ́ sí apá kejì. Gbogbo ibi tí wọn kò ti bára mu, ẹ kọ owó tó máa gbà. Ẹ fi àròpọ̀ rẹ̀ kún owó férémù. Ìgbà yẹn ni ẹ tó mọ iye rẹ̀.

Ìpele 6: Ohun tí wọ́n fi ṣe é

Èyí ni wọ́n máa ń fi gbogbo òru jiyàn lé lórí, òun sì ni mo máa wò gbẹ̀yìn. Alumíníọ̀mù lágbára tó, owó rẹ̀ kò pọ̀, bó bá sì fẹ́ là, ẹ sábà máa ń rí i. Irin wúwo díẹ̀, ó ń fara mọ́ ilẹ̀, ajórin tó mọ iṣẹ́ lè tún un ṣe. Kábọ́ọ̀nù fúyẹ́, ṣùgbọ́n òkúta tó bá gbá a lè ba inú rẹ̀ jẹ́ kí òde má fi hàn. Ìmọ̀ràn mi: ẹ má ra kábọ́ọ̀nù àlòkù lọ́wọ́ ẹni tí ẹ kò mọ̀, láìfọwọ́ kàn án.

Bí ẹ bá fẹ́ ṣọ́ọ̀kì onísípíríǹgì irin dípò onífẹ́ẹ́fẹ́, ẹ wádìí bóyá ilé iṣẹ́ gbà á láàyè. Férémù tí kò le sí i bó ṣe ń rì á máa gbá òpin pẹ̀lú irú rẹ̀.

Ìpele 7: Àlòkù: ẹ yẹ̀ ẹ́ wò pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì

Ẹ fọ̀ ọ́ kọ́kọ́. Férémù ẹlẹ́rọ̀fọ̀ tí olùtà kò fẹ́ kí ẹ nù ti dá ara rẹ̀ lẹ́jọ́.

Ẹ tan tọ́ọ̀ṣì sí ibi tí ọ̀pá ọrùn ti pàdé ọ̀pá ìsàlẹ̀, lábẹ́ pàápàá. Orí ọ̀pá ìdúró níbi tí wọ́n ti ń fún síìtì. Àyíká ihò pẹ́dáàlì. Ibi tí ṣọ́ọ̀kì so mọ́. Àti gbogbo oríkèé ẹ̀yìn. Ẹ fi òwú nù ún. Bí òwú bá kọ́, ẹ wò ó dáadáa. Ìlà tó tẹ̀ lé ojú ìjó (ibi tí wọ́n ti jó irin pọ̀) tààrà léwu ju ibi tí nǹkan kàn ha lásán lọ. Fún kábọ́ọ̀nù, ẹ fi owó ẹyọ kàn án díẹ̀díẹ̀ káàkiri. Ibi tí ìró rẹ̀ bá di òkú lójijì, ẹ fura. Ìró tó já gaara kò sì tíì sọ pé kò sí nǹkan.

Ẹ di férémù mú, ẹ gbé ẹ̀yìn rẹ̀ sókè-sódò díẹ̀. Bó bá ń dún “kọ̀, kọ̀”, bíárínì tàbí bọ́ọ̀ṣì ṣọ́ọ̀kì ti jẹ. Èyí kì í ṣe ìdí láti sá, ẹ kàn máa fi bẹ olùtà kó dín owó kù ni. Fún férémù tí kò ní ṣọ́ọ̀kì lẹ́yìn, ẹ fa okùn láti ibi ìjókòó wíìlì lápá kan, yí ọ̀pá ọrùn ká, padà sí apá kejì. Àlàfo okùn sí ọ̀pá ìdúró gbọ́dọ̀ dọ́gba lọ́tùn-ún lósì. Bí kò bá dọ́gba, ó ti wọ́.

Ìkìlọ̀: ẹ fi nọ́ńbà ara férémù wádìí bóyá wọ́n jí i. Ní Bírítéènì, BikeChecker, ibi àyẹ̀wò orí íntánẹ́ẹ̀tì ti BikeRegister, ń ṣe èyí lọ́fẹ̀ẹ́. Bí wọ́n bá ti ha nọ́ńbà náà kúrò, ẹ máa bá tiyín lọ. Ẹ rántí pẹ̀lú pé ìdánilójú ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ kì í tẹ̀ lé férémù dé ọwọ́ ẹni kejì.

Àyẹ̀wò: kò sí ìlà tí ẹ kò lè ṣàlàyé. Bí ọ̀kan bá kù tí ẹ ń ṣiyèméjì lé lórí, ẹ má rà á.

Ìpele 8: Ẹ tò ó, kí ẹ dán an wò kí ẹ tó wọgbó

Kí ẹ tó fún ohunkóhun pa, ẹ to wíìlì, fọ́ọ̀kì àti ọ̀pá síìtì wọlé lásán. Ẹ tú afẹ́fẹ́ inú ṣọ́ọ̀kì jáde, ẹ tẹ ẹ̀yìn kẹ̀kẹ́ títí tó fi kan òpin. Táyà kò gbọ́dọ̀ kan ọ̀pá tàbí síìtì tí ẹ ti sọ̀ kalẹ̀ tán. Ẹ yí ọwọ́ kẹ̀kẹ́ dé òpin lọ́tùn-ún lósì. Orí fọ́ọ̀kì kò gbọ́dọ̀ gbá ọ̀pá ìsàlẹ̀.

Ẹ fẹ́ afẹ́fẹ́ padà, ẹ wọ gbogbo aṣọ ìgùn yín, ẹ dúró lórí pẹ́dáàlì. Ṣọ́ọ̀kì yẹ kó rì ní nǹkan bí 28 sí 33 nínú ọgọ́rùn-ún ìrìn rẹ̀. Bí kò bá ṣeé mú débẹ̀ láìkọjá ìwọ̀n afẹ́fẹ́ tí wọ́n kọ sára ṣọ́ọ̀kì, ṣọ́ọ̀kì náà kì í ṣe ti férémù yìí tàbí ti ìwúwo yín.

Ọ̀nà tí ẹ mọ̀ dáadáa ni kí ẹ kọ́kọ́ gbé e lọ, kì í ṣe èyí tó dúdú jù. Nígbà tí ẹ bá dé, ẹ fi sípánà tó ń ka agbára tún àwọn bóòtù oríkèé fún sí iye tí ilé iṣẹ́ kọ, kí ẹ sì tún tan tọ́ọ̀ṣì sí ojú ìjó ọ̀pá ọrùn.